Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Gbé Iṣẹ́ Ẹ̀kọ́ Lé Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ́wọ́

Kí olùkọ́ tó yí ohunkóhun padà nínú kíláàsì rẹ̀, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ àti bí ọ̀rọ̀ náà ṣe pọ̀ tó. Ẹ bẹ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ yín kan tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ pé kó wá jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, kó mú aago lọ́wọ́, kó sì máa kọ iye ìṣẹ́jú tí olùkọ́ fi sọ̀rọ̀ àti iye tí àwọn ọmọ fi sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe é fún mi ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Abẹ́òkúta níbí, ìṣẹ́jú 40 ni ẹ̀kọ́ náà, ohùn àwọn ọmọ kò sì pé ìṣẹ́jú 5; èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni “Bẹ́ẹ̀ ni, sà” tí gbogbo wọn jọ ń dá bí ègbè orin. Ojú tì mí díẹ̀, nítorí mo ti máa ń yangàn pé kíláàsì mi kì í sùn. Òótọ́ ni pé kò sùn, àmọ́ èmi nìkan ni mo ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó dá lórí akẹ́kọ̀ọ́ kò ju èyí lọ: kí ẹni tó wá kọ́ ohun kan fi ọwọ́, ẹnu àti ọpọlọ ara rẹ̀ ṣe é, kí olùkọ́ sì dúró tì í bí ọ̀gá ṣe ń dúró ti ọmọ-iṣẹ́. Kò sí télọ̀ kan láti Láfẹ́ńwá dé Ìbarà tí yóò fi ọdún mẹ́ta ṣàlàyé ẹ̀rọ ìránṣọ fún ọmọ-iṣẹ́ láìjẹ́ kó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ní ilé-kéwú pàápàá, wàláà ọmọ kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ibi tó bá kà dé ni yóò wá kà fún ààfáà, bí èyí tó jókòó tì í bá sì ti kà kọjá ibẹ̀, kò sí ẹni tí yóò fi ipá wọ́ ọ tẹ̀ lé e. Inú ilé-ìwé tiwa ni ọgọ́ta ọmọ ti ń jókòó kọjú sí ẹnìkan ṣoṣo, tí gbogbo wọn ń da ọ̀rọ̀ kan náà kọ ní ìṣẹ́jú kan náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀rọ ni wọ́n ń pè ní ìkọ́ni ìgbàlódé. Mo mọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára ògiri wá fún, tí wọ́n sì tì í mọ́ inú àpótí títí di òní nítorí pé iná kì í sábà sí ní àkókò ẹ̀kọ́. Níbi tí iná sì wà, mo ti rí olùkọ́ tó ń ka ohun tó wà lára ògiri fún àwọn ọmọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ka ti ojú pátákó. Fóònù olùkọ́ kan ṣoṣo wúlò gan-an fún yíya àwòrán iṣẹ́ àwọn ọmọ àti fún gbígba ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín ṣeé ṣe pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, páálí àti okùn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú lẹ́sìn nóòtì

Ẹ ṣí lẹ́sìn nóòtì yín wò, ìyẹn ìwé tí olùkọ́ ń kọ ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí. Ẹ ó rí òpó kan fún iṣẹ́ olùkọ́ àti òmíràn fún iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. A máa ń kọ ọ̀rọ̀ kún ti olùkọ́ dáadáa: olùkọ́ ṣàlàyé, olùkọ́ kọ ọ́ sójú pátákó, olùkọ́ ya àwòrán. Nínú ti akẹ́kọ̀ọ́, gbólóhùn kan náà ni à ń kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà títí dé òpin rẹ̀: “Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fetí sílẹ̀, wọ́n sì ń da nóòtì kọ.” Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ kọ ti akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ má sì fọwọ́ kan ti olùkọ́ rárá títí ẹ ó fi rí iṣẹ́ gidi kọ síbẹ̀: wọ́n ń wọ̀n, wọ́n ń tò ó, wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń yà á, wọ́n ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó jókòó tì wọ́n. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ olùkọ́, ẹ ó sì rí i pé kò pọ̀ tó bí ẹ ti rò.

Ohun tí a kọ gẹ́gẹ́ bí èrèdí ẹ̀kọ́ náà gbọ́dọ̀ ṣeé fojú rí. “Kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ oríṣiríṣi òkúta” kò ṣeé fojú rí. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ya òkúta mẹ́fà sọ́tọ̀ síra, kó sì sọ ìdí tó fi kó ọ̀kọ̀ọ̀kan síbi tó kó o sí, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé lè rí i bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é. Ní ìlú tó jẹ́ pé abẹ́ àpáta ló ti gba orúkọ, kò yẹ kí á máa fi ṣọ́ọ̀kì ya òkúta. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan he òkúta méjì wá láti àdúgbò rẹ̀, kí wọ́n fi ìṣó ha á, kí wọ́n wò ó nínú oòrùn bóyá ó ní ẹyọ wẹ́wẹ́ tó ń dán, kí wọ́n sì fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tiwọn. Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bá ti ṣe èyí ni kí ẹ tó sọ fún wọn pé àwọn onímọ̀ ń pe irú èyí tí àpáta Olúmọ jẹ́ ní granite, àti pé láti inú ohun gbígbóná tó yọ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀, tó sì tutù díẹ̀díẹ̀, ni ó ti wá. Orúkọ tó bá dé lẹ́yìn tí ọmọ ti fọwọ́ kan nǹkan kì í tètè sá kúrò lórí rẹ̀.

Ìbéèrè àti ìdákẹ́jẹ́

Ìbéèrè tó ń pa kíláàsì jù lọ ni “Ṣé ó yé yín?” Kò sí ọmọ tí a tọ́ dáadáa ní ilẹ̀ Yorùbá tí yóò dìde níwájú àgbà kó ní kò yé òun. Ẹ fi ìbéèrè tó ń béèrè iṣẹ́ rọ́pò rẹ̀: “Ẹ kọ àpẹẹrẹ kan sílẹ̀ tí n kò tíì sọ,” tàbí “Ẹ sọ ibi tí ẹni tó ṣe ìṣirò yìí ti ṣì í.” Bí ẹ bá fi bébà funfun sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara, ọmọ lè fi máákà kọ ìdáhùn sórí rẹ̀, kó gbé e sókè, kó sì fi àkísà nù ún nù. Ní ìṣẹ́jú kan, olùkọ́ yóò ti rí ọgọ́ta ìdáhùn, yóò sì mọ ẹni tó ṣìnà láìjẹ́ pé ojú ti ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìbéèrè, ẹ dákẹ́. Mary Budd Rowe, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ṣèwádìí nípa bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì, rí i ní àwọn ọdún 1970 pé bí olùkọ́ bá ti béèrè ìbéèrè tán, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 1 ló máa ń dúró kó tó pe ẹlòmíràn tàbí kó fúnra rẹ̀ dáhùn. Nígbà tí àwọn olùkọ́ kọ́ láti dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 3, ó kéré tán, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, àwọn tó kàn ń dákẹ́ láìdáhùn sì dín kù. Ìṣẹ́jú-àáyá 3 kéré lórí bébà, àmọ́ lójú olùkọ́ tó dúró níwájú kíláàsì, ó gùn ju ìlà epo lọ. Mo máa ń ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ikùn mi, mo sì máa ń di ọwọ́ mi sẹ́yìn kó má baà nà sí ọmọ tó máa ń kọ́kọ́ nawọ́.

Ní ti ọmọ tó máa ń kọ́kọ́ nawọ́ yìí, ẹ̀bùn ni, ewu sì ni. Ẹ kọ orúkọ gbogbo wọn sára páálí kéékèèké, ẹ kó o sínú agolo mílíìkì, kí ẹ sì máa fà á yọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti béèrè ìbéèrè, kì í ṣe ṣáájú. Nítorí bí ẹ bá dárúkọ ẹnìkan ṣáájú, àwọn yòókù ti sinmi nìyẹn. Kí ẹ tó fa orúkọ yọ, ẹ jẹ́ kí kálukú dá ronú, kó sì sọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n jọ wà lórí bẹ́ńṣì. Frank Lyman ti Yunifásítì Maryland ló sọ ọgbọ́n yìí lórúkọ ní 1981, ó sì bá bẹ́ńṣì wa mu bí ẹni pé nítorí rẹ̀ ni káfíńtà ṣe kàn án.

Àáró nínú kíláàsì

Ẹ̀gbá kọ́ ni a óò máa kọ́ ní iṣẹ́ àjọṣe. Àáró ni Lísàbí, akọni Ẹ̀gbá, fi kó àwọn ènìyàn jọ: lónìí wọ́n á wà lóko ẹnìkan, lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á wà lóko ẹlòmíràn, abẹ́ àáró yìí ni wọ́n sì ti pète bí wọ́n ṣe já ara wọn gbà lọ́wọ́ àwọn ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́. Ohun tó mú kí àáró dúró ni pé oko kálukú ni wọ́n ń dé. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ nínú kíláàsì kì í dúró nítorí pé oko ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n ń ro: ọmọ tó mọ̀wé jù á ṣe é, àwọn mẹ́ta yòókù á kọ orúkọ wọn sí i, olùkọ́ á sì fún gbogbo wọn ní máàkì kan náà.

Elliot Aronson, onímọ̀ kan nípa ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, dá ọgbọ́n kan sí ọ̀rọ̀ yìí ní 1971 ní ìlú Austin ní Texas, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, aláwọ̀ funfun àti àwọn tí ìran wọn ti Mẹ́síkò wá pọ̀ sí kíláàsì kan náà tí wọn kò sì fẹ́ rí ara wọn sójú. Ó gé ẹ̀kọ́ sí wẹ́wẹ́, ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan tí ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní, kò sì sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè mọ odindi rẹ̀ láìgbọ́ tẹnu ẹnìkejì. Ẹ jẹ́ kí á mú ìtàn Abẹ́òkúta ṣe àpẹẹrẹ. Ẹyọ kìíní ni bí Ṣódẹkẹ́, aṣáájú àwọn Ẹ̀gbá, ṣe kó àwọn ènìyàn dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Ẹyọ kejì ni ohun tí àpáta náà ṣe fún wọn nígbà ogun. Ẹyọ kẹta ni dídé àwọn ajíhìnrere ní àwọn ọdún 1840 àti ìwé ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ níbí ní 1859. Ẹyọ kẹrin ni bí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ṣe kọ owó orí, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè fún ìgbà díẹ̀ ní 1949.

Bí ọmọ 60 bá wà, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin mẹ́rin 15 ni ẹ ní. Ọmọ 15 ni yóò wá mú ẹyọ kan náà, 15 sì ti pọ̀ jù láti jókòó yíká. Ẹ pín wọn sí mẹ́ta, kí ó di márùn-ún márùn-ún. Àwọn márùn-ún yìí á jọ ka ẹyọ wọn, wọ́n á bá ara wọn jiyàn lé e, wọ́n á fẹnu kò lórí ohun tí wọ́n máa sọ, kí wọ́n tó padà sí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti lọ kọ́ àwọn mẹ́ta yòókù. Ní ìparí, ìdánwò kékeré ni kí ẹ ṣe, kálukú á sì dá tirẹ̀ ṣe. Máàkì àjọgbà ló ń bí ìjà, n kò sì gbà á mọ́.

Kò sí ìdí láti máa gbé bẹ́ńṣì káàkiri. Kí àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì iwájú yí ojú sẹ́yìn, ẹgbẹ́ ti dá sílẹ̀ nìyẹn. Ariwo yóò wà, nítorí náà ẹ sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé ṣáájú, ẹ sì pè é kó wá wò ó, kó má baà jẹ́ pé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yóò ti gbọ́ ọ, tí yóò sì rò pé kò sí olùkọ́ nínú kíláàsì. Ẹ bá àwọn ọmọ ṣàdéhùn àmì kan: bí olùkọ́ bá ti na ọwọ́ sókè, ẹni tó bá rí i á na tirẹ̀, á sì dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò gbà kí ó tó mọ́ wọn lára, nítorí náà ẹ má ṣe fi ọjọ́ kìíní dájọ́.

Ìkòkò aró gẹ́gẹ́ bí yàrá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ràn jù láti fi ṣe èyí wà ní Ìtòkú, ọjà aṣọ àdìrẹ ní Abẹ́òkúta níbí, bóyá nítorí pé ilé aláró ni wọ́n ti tọ́ mi. Kí ẹ tó lọ, ẹ dá lọ ṣáájú ní ọjọ́ tí ọjà kò gbóná, ẹ kí àwọn màmá aláró, ẹ sọ ohun tí ẹ ń wá, ẹ sì ṣètò ohun tí ẹ ó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí yóò dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró nítorí yín. Ẹ béèrè bóyá aró gidi tó wá láti ara ewé èlú, tàbí irú rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ní ilé-iṣẹ́, ni wọ́n ń lò, nítorí kì í ṣe gbogbo àwọ̀ tí wọ́n ń tà báyìí ló ń ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí ilé-ìwé kò bá gbà kí àwọn ọmọ jáde, ẹ bẹ màmá kan wá sí ilé-ìwé.

Nínú kíláàsì, ní ọjọ́ tó ṣáájú, àwọn ọmọ ni kí ó ṣe ìbéèrè. Ẹ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 10 kí wọ́n kọ ohun gbogbo tí wọ́n fẹ́ mọ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n mú mẹ́ta péré. Ẹ má ṣe bá wọn tún un kọ. Nínú ẹgbẹ́ kan tí mo kó lọ, ìbéèrè tí mo rò pé kò já mọ́ nǹkan kan, ìyẹn “Kí ló dé tí ọwọ́ yín dúdú ṣùgbọ́n tí aṣọ yín kò dúdú?”, ló mú màmá náà sọ̀rọ̀ jù.

Nígbà tí wọ́n bá débẹ̀, ohun tí wọn yóò máa ṣọ́ ni àkókò tí wọ́n bá yọ aṣọ nínú ìkòkò. Àwọ̀ rẹ̀ kò ní dúdú lójú ẹsẹ̀. Yóò jọ ewé tó ń pọ́n, bí ó sì ti ń pẹ́ lójú afẹ́fẹ́ ni yóò máa di búlúù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi aago wọn àkókò náà. Ẹ béèrè ohun tó yí i padà, ẹ dákẹ́, ẹ sì gba gbogbo ìdáhùn láìsọ èyí tó tọ̀nà. Àwọn kan á ní oòrùn ni, àwọn kan á ní gbígbẹ tó ń gbẹ ni, àwọn díẹ̀ á ní afẹ́fẹ́ ni. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀: ẹ ní kí wọ́n wá ọ̀nà tí a ó fi mọ ẹni tó jàre. Bí ẹ bá fún wọn láyè, wọ́n á fúnra wọn dábàá pé kí á gé aṣọ sí mẹ́ta, kí á sá ọ̀kan sínú oòrùn, kí á sá ọ̀kan síbi ìbòòji, kí á sì di ẹ̀kẹta sínú ọ̀rá tí a ti fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dànù. Èyí tó wà nínú òòrùn àti èyí tó wà níbi ìbòòji á jọ di búlúù, ti inú ọ̀rá á sì pẹ́ lẹ́yìn wọn. Nígbà náà ni ẹ lè wá sọ̀rọ̀ nípa ọ́síjìn: pé nínú ìkòkò, aró náà wà ní ipò tó lè yòrò sínú omi, tó sì lè wọ inú òwú, àti pé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló sọ ọ́ di búlúù tí kò yòrò mọ́, ìyẹn ni kò fi tètè ṣí nígbà tí a bá fọ aṣọ.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí tí n kò fi ṣeré. Kọ́stíìkì sódà tí ọ̀pọ̀ aláró ń lò báyìí dípò omi eérú máa ń jó ara, bí ó bá sì ta sí ojú, ó lè fọ́ ọ. Kí ọmọ kankan má ṣe sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń pò ó, kí ẹni tó bá fọwọ́ kan aṣọ tútù sì wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà.

Láti inú aṣọ kan náà ni olùkọ́ ìṣirò lè ti mú ẹ̀kọ́ nípa àwòrán tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, kí àwọn ọmọ ka iye ìgbà tí bátànì kan wà lórí ọ̀pá aṣọ kan. Olùkọ́ ọrọ̀ ajé náà lè jẹ́ kí wọ́n ṣírò owó aṣọ funfun, aró àti iṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n sì sọ iye tó yẹ kí á tà á.

Èdè wo ni wọn yóò fi jiyàn?

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá jiyàn, kí wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ àbọ̀ rẹ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi ṣe ìdánwò. Ọmọ tí a fi dandan mú láti máa wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti láti máa ronú lẹ́ẹ̀kan náà sábà máa ń fi ìrònú sílẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún odindi ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu pé a ní irú èyí nílé, a sì tún ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà ilé-ìwé.

Nóòtì, òbí àti ìdánwò

Àwọn òbí yóò béèrè nóòtì. Ìyá kan wá bá mi pé ìwé ọmọ òun kò kún tó ti ọmọ aládùúgbò, n kò sì dá a lẹ́bi, nítorí ìwé tó kún ni ohun kan ṣoṣo tó lè fi mọ̀ pé owó ilé-ìwé òun kò ṣòfò. Ohun tí mo ṣe ni pé ní ìṣẹ́jú 5 tó kẹ́yìn, kálukú á pa ìwé dé, á kọ ohun tó rántí ní gbólóhùn márùn-ún, lẹ́yìn náà ni á ṣí ìwé kíkà láti fi tún un ṣe. Ìyẹn ni nóòtì. Mo sì ń ya àwòrán iṣẹ́ wọn sí WhatsApp àwọn òbí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń rí ọmọ wọn tó mú aṣọ aró dání, ẹjọ́ nóòtì dín kù.

Ọ̀rọ̀ pé sílébọ́ọ̀sì kò ní parí lágbára ju ìyẹn lọ, òótọ́ díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Kò ṣeé ṣe láti ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ bí ti Ìtòkú. Ẹ̀ẹ̀kan ní sáà tó fún irú rẹ̀. Fún àwọn ọjọ́ yòókù, ẹ mú ẹ̀kọ́ kan péré lọ́sẹ̀, kí ẹ sì pín ìṣẹ́jú 40 rẹ̀ báyìí: ìṣẹ́jú 5 fún ìbéèrè tó ń fa ojú mọ́ra, 8 fún àlàyé olùkọ́, 17 fún iṣẹ́ wọn, 5 fún àbọ̀, 5 fún kíkọ sílẹ̀. Èyí tó nira jù nínú wọn ni 8 ti olùkọ́. Ẹ fún ọmọ kan ní aago kó máa ṣọ́ yín, kó sì ní àṣẹ láti nawọ́ nígbà tó bá pé. Fún àwọn tó ń múra ìdánwò àṣekágbá, ẹ fi ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́, kí wọ́n jiyàn lórí ìdí tí ìdáhùn mẹ́ta yòókù kò fi tọ̀nà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ tún pe ẹlẹgbẹ́ yín padà sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn pẹ̀lú aago rẹ̀. Ti ẹ̀ẹ̀kejì tí wọ́n ṣe fún mi, ohùn àwọn ọmọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, àwọn méjì kan sì wà tí ẹlẹgbẹ́ mi ní òun kò mọ̀ rí pé wọ́n lè sọ̀rọ̀. Nígbà tó kó ìwé rẹ̀ nílẹ̀ tó fẹ́ máa lọ, ó béèrè ọjọ́ tí èmi náà yóò wá jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì tirẹ̀. Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni a fẹnu kò sí.